Àga Bàbá Wolé-wolé

Ohun gbogbo tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀run ni a ti fún ní ìwọ̀n tirẹ̀ kí a tó rán an wá sí ayé. Oòrùn mọ ibi tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ parí sí. Òkun mọ ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ padà lẹ́yìn ilẹ̀. Oyún mọ iye oṣù tí yóò lò. Àgbàdo kì í sì í bá òjò jiyàn kí ó tó gbó. Ọmọ ènìyàn tẹ̀lé àpẹẹrẹ yìí. Ó fi kóńgò wọn gàárì, ó fi garawa wọn epo, ó sì ka obì ní igba-igba. Ẹni tí ó bá dé Ṣàgámù lónìí tí ó bèèrè iye tí a ń ta igba gbànja kan, bí ó bi ènìyàn mẹ́wàá, èsì kan náà ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń pín ìwọ̀n, ohun kan wà tí a fò dá: iye owó ohun tí a kò tíì ṣe. Àga tí ó ṣì sùn sínú ìtì igi kò ní ọjà tí a ti lè bèèrè rẹ̀. Ẹnu nìkan ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹnu ènìyàn méjì kò sì dọ́gba. Níbi tí ẹnu méjì tí kò dọ́gba ti pàdé, nílùú Ìkẹ́nnẹ́, lọ́dún tí ó kọjá yìí, ni ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Olúsànyà ni orúkọ káfíńtà tí ọ̀ràn náà kàn. Àtíbàbà rẹ̀ wà lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Ìlárá, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ó dàgbà ju títì náà lọ. Kì í fi téèpù wọn oníbàárà. Bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ni ó ń ṣe: yóò la ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, yóò fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí orúnkún onítọ̀hún ga dé, ibi tí itan rẹ̀ gùn dé, àti ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń sinmi sí. Àga tí a bá fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kàn, ẹni tí ó ni ọ̀pá ni ó ń gbà. Ẹlòmíràn tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò dà bí ẹni tí ó wọ bàtà àyálò.

Kò sí ẹni tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu ọwọ́ Olúsànyà. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ó pe owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pe iye kan, tí oníbàárà sì fa ohùn gùn pé, “Háà, Sànyà, èmi náà ni o ń pe iyẹn fún?” kíá ni yóò gé owó náà sí méjì. Bí onítọ̀hún bá tún rántí pé ìyá àwọn méjèèjì jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà ní Ìpẹ̀rú, yóò gé ìdajì náà sí méjì pẹ̀lú. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsarà, owó tí ó gbà kò tó owó pákó. Ó kan bẹ́ńṣì mẹ́fà fún ìjọ kan ní Òde Rẹ́mọ. Wọ́n san owó mẹ́ta, wọ́n ní Olúwa ni yóò san ti mẹ́ta yòókù. Olúsànyà kò ṣiyè méjì sí Olúwa rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta pákó fún un ní Ṣàgámù kò bá Olúwa ṣe àdéhùn kankan.

Ìyàwó rẹ̀, Kàúsárà, ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà náà. Ariwo ẹ̀rọ yìí kì í dí i létí láti gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ bá tà.

“Bàbá Tiwa, èló lẹ ta tábìlì yẹn?”

“Ìyá wa kan ni wọ́n kúkú jẹ́.”

“Mi ò bèèrè ìyá. Owó ni mo bèèrè.”

“Wọ́n ní kí n bá wọn kí ọ.”

“Wọ́n kí mi! Ẹ bá mi gbé ìkíni náà síbi ààrò, kí n fi se ọbẹ̀ alẹ́.”

Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwàdà. Àbúrò Kàúsárà, Fàtáì, jẹ́ ọ̀gá ní ilé epo kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ó wá iṣẹ́ mẹ́gáàdì sílẹ̀ fún Olúsànyà, ó sì fi kẹ́ẹ̀pù dúdú tí wọ́n ń dé sí iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ṣáájú. Kàúsárà gbé kẹ́ẹ̀pù náà kọ́ sórí ìṣó láàárín àtíbàbà, níbi tí kò sí bí ojú ọkọ rẹ̀ kò ṣe ní í kàn án.

“Mi ò ní bá yín jà mọ́,” ni ó wí. “Iṣẹ́ kan péré ni mo fún yín sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ńlá wá, bí ẹ bá tún ṣe é ní àdánù, kẹ́ẹ̀pù yìí lẹ óò dé lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. A ó ta ayùn, a ó ta ìfági, a ó ta bẹ́ńṣì bàbá yín, àwọn ọmọ á sì jẹun.”

Bẹ́ńṣì náà ni bàbá Olúsànyà fi tọ́ ọmọ méje. Olúsànyà wò ó, ó wo kẹ́ẹ̀pù.

“Ìyá Tiwa, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Bí wọ́n bá ti ń ná an, àánú ni ó ń ṣe mí.”

“Ẹ wá wò mí.”

Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ata dé, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ti garawa kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ọ̀wọ́n gógó. Kàúsárà kò bínú, kò sì bá a rojọ́. Ó bu ata tí owó kò ká kúrò nínú garawa, ó dà á padà sínú abọ́ obìnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lọ ìyókù. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi tú etí ìró rẹ̀, tí owó tí kò sí sì yọjú.

“Ẹ rí i?” ni Kàúsárà wí. “Owó dín, ata dín. Garawa ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe èmi.”

“Àga kì í ṣe ata.”

“Àga ò ní apá ni? Kò ní ẹsẹ̀? Bí wọ́n bá yọ owó, ẹ̀yin náà ẹ yọ ẹsẹ̀.”

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ńlá náà dé, ọ̀kadà ni ó sì gùn wá. Bàbá Kọ́lápọ̀ ará Ìlárá ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí ó ṣe iṣẹ́ wolé-wolé fún ọdún márùndínlógójì, tí ń ṣí ìkòkò omi káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ láti wá tanwíji. Ìjọba ti fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba ìwé náà. Bí ó bá lọ síbi ìkómọ, abẹ́ àmù ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ọmọ. Kí ó tó kí Olúsànyà pàápàá, ó ti ṣí ike omi rẹ̀.

“Sànyà, láti ìgbà wo ni omi yìí ti wà níbí?”

“Àárọ̀ òní ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, Bàbá.”

“Hùn-ún. Ó mọ́ jù. Ohun tó bá mọ́ tó báyìí, ó ní nǹkan tó ń bò.”

Ó jókòó, ó sì sọ ohun tí ó gbé e wá. Ìjọ rẹ̀ fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi kẹta oṣù tí ń bọ̀. Gbogbo Ìlárá yóò wá kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ àga tí irú rẹ̀ kò sí láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìsarà: kí ó jẹ́ igi apá, kí apá rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn àkùkọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ti kìnnìún, kí a sì fín igi ọ̀pẹ méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Olúsànyà mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya àga náà sára pákó dúdú kan bí Bàbá ti ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà tí ó yà á tán, inú Bàbá dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé láti rí àléébù.

“Ó káre. Èló?”

Olúsànyà wolẹ̀ bí ẹni tí ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. “Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà ni, Bàbá.”

Bàbá di orí mú. “Ọ̀kẹ́ mélòó? Sànyà, àga ni mo ní kí o kàn, mi ò ní kí o kọ́lé! Lọ́dún 1979, náírà mẹ́rìnlélógún ni mo ra àga, wọ́n tún fi tìmùtìmù ṣe ènì!”

“Àga náà ńkọ́ báyìí, Bàbá?”

“Ikán ti jẹ ẹ́.”

Láti ibi ẹ̀rọ, ohùn Kàúsárà wọlé: “Ọjà pọ́ọ́kú ni ikán máa ń fẹ́ràn.”

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. “Gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Bàbá rẹ àti èmi jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́. Apá tí o fi ń di òòlù mú yẹn, èmi ni mo gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. O ké títí, mo sì ra ẹ̀pà fún ọ. Bí kì í bá ṣe èmi, apá wo lo fẹ́ fi pe ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olúsànyà lára. Ó rántí abẹ́rẹ́ náà, ó rántí ẹ̀pà náà. Ahọ́n rẹ̀ ti ń lọ sí ọ̀kẹ́ mẹ́ta nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́ lójijì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni ó gbé ojú sókè, kẹ́ẹ̀pù dúdú sì ń wò ó láti orí ìṣó. Ó mú àkísà, ó rì í bọ omi, ó sì nu igi ọ̀pẹ méjèèjì kúrò lára àwòrán.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Ọ̀kẹ́ méjì ni mo yọ, Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta ni fínfín náà máa gbà mí. N kò ní fín in mọ́.” Ó tún nu ẹsẹ̀ kìnnìún, ó fi ẹsẹ̀ gbọọrọ lásán rọ́pò rẹ̀. “Ọ̀kẹ́ kan tún lọ.” Ó nu apá méjèèjì. Ó nu ẹ̀yìn àga. Ó fi ọwọ́ sọ àkísà sílẹ̀. “Ọ̀kẹ́ mẹ́ta nìyí, Bàbá. Ojúlówó igi apá ni. Ikán kò ní í lè jẹ ẹ́.”

Bàbá tẹjú mọ́ ohun tí ó kù lára pákó. “Àpótí nìyí!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àpótí tó lágbára ni.”

“Kí Bàbá Ìjọ jókòó sórí àpótí? Ṣé mo fẹ́ bó ẹ̀gúsí ni? Dá ẹ̀yìn rẹ̀ padà!”

“Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ààbọ̀.”

“Fi apá kún un. Apá ọ̀tún nìkan.”

“Apá òsì ńkọ́, Bàbá?”

“Ọ̀tún ni mo fi ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Òsì á máa sinmi lórí itan mi.”

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń ná àga náà ní oríkèé-oríkèé. Bàbá gba ẹsẹ̀ kìnnìún méjì níwájú, kí méjì ẹ̀yìn jẹ́ ti ewúrẹ́. Nígbà tí ó rí i nínú àwòrán, òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Olúsànyà fín igi ọ̀pẹ kan péré. Ó wò ó, ó ní ó dà bí ọmọ òrukàn, kí wọ́n fún un ní èkejì. Bí ohun kan ti ń padà sára pákó ni owó ń padà sórí rẹ̀, títí ó fi pé ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án. Olúsànyà sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kankan pamọ́: ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni ti igi, ọ̀kẹ́ kan ni ti ìṣó àti pólíṣì, ọ̀kẹ́ kan ni ti ọkọ̀ àti ti irin iṣẹ́ tí ń gbó, ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni ti ọjọ́ mẹ́rìnlá tí òun yóò fi dúró tì í.

“Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ yẹn,” ni Bàbá fi ṣe ìgbìyànjú ìkẹyìn, “ṣebí ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún ọ.”

“Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá. Ọ̀fẹ́ náà ni Ó fún mi ní ikùn, ṣùgbọ́n ikùn kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ lòun.”

Bàbá san ìdajì. Olúsànyà sì mú ọ̀pá ọparun tuntun kan, ó tọ̀ ọ́ lọ láti wọn orúnkún rẹ̀. Bàbá fò sókè kúrò lórí ìjókòó, ó sá dé ẹ̀yìn igi máńgòrò.

“Dúró síbẹ̀! Kí lo fẹ́ fi ọ̀pá yẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ wọ̀n yín ni, Bàbá.”

“Oṣù tó kọjá, irú ọ̀pá ọwọ́ rẹ yìí náà lo fi wọn ọ̀rẹ́ mi, Tísà àgbà. Lẹ́yìn tó o wọ̀n ọ́n, ibo ló lọ?”

Òtítọ́ ni. Káfíńtà tí ó ń kan àga náà ni ó ń kan pósí, Olúsànyà ni ó sì kan ti Tísà.

“Bàbá, Tísà ti kú kí n tó wọ̀n wọ́n.”

“Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀! Káfíńtà kì í wọ̀n mí láàyè. Ìwọ ṣáà kan àga.”

“Kò ní í bá yín mu bí n kò bá wọ̀n yín.”

Bàbá yọ orí láti ẹ̀yìn igi náà. “Ó dáa. N óò rán àbúrò mi sí ọ, Dọ̀tun. Ìwọ̀n kan náà ni wá. Gbogbo ayé ni ó ti fi wọ ṣòkòtò mi.”

Olúsànyà kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ẹni tí òun bá wọ̀n ni àga yóò gbà. Bàbá bú u ní ojúlówó èdè Rẹ́mọ, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò náà dé. Olúdọ̀tun ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ olóbì tí ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í parí tirẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó jókòó bí a ti ní kí ó jókòó, a wọ̀n ọ́n, ó ní “Ẹ ṣeun,” ó lọ. Olúsànyà wo ọ̀pá náà, ó rí i pé àmì orúnkún rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ díẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí a rán wá ni ó wọ̀n, ẹni tí a rán wá ni ó sì kan àga fún.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí a fi Bàbá jẹ oyè. Olúsànyà àti Kàúsárà gbé àga náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìlárá. Kẹ́ẹ̀pù dúdú wà nínú àpò Kàúsárà, nítorí ọjọ́ kejì gan-an ni ọjọ́ kìíní oṣù. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lára àga náà nínú àgbàlá, àwọn aládùúgbò patẹ́wọ́. Igi apá náà ń dán, ọ̀pẹ méjèèjì dúró bí ẹni pé a lè gùn wọ́n. Bàbá yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha á. Kò rí nǹkan kan. Ó wá káwọ́ agbádá, ó jókòó.

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì gòkè wá bá a ní àyà. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wá apá àga ní ibi tí kò sí. Ó rí bí ẹni tí a kì sínú agbada àkàrà.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá fẹ́ dìde, kò rí ibi tí yóò fi ọwọ́ tì. Ènìyàn méjì ni ó fà á yọ.

“Sànyà! Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ó fẹ́ jẹ Bàbá Ìjọ? Ọ̀fẹ́ ni ìwọ yóò kan òmíràn fún mi! Tàbí kí o dá owó mi padà báyìí-báyìí!”

Ojú ti Olúsànyà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń tì í. Ẹnu rẹ̀ ti là, gbólóhùn náà sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: “Ẹ má bínú, Bàbá, n óò kan òmíràn fún yín.” Kàúsárà kàn ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kẹ́ẹ̀pù dúdú, ó sì ń gbọn eruku ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tí ń tún aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe.

Olúsànyà pa ẹnu dé. Nígbà tí ó tún un là, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó jáde.

“Bàbá, ẹ má bínú, àga yìí kò ṣẹ̀. Ẹni tí ẹ rán sí mi ni mo wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ìwọ̀n jókòó. Bí kò bá bá òun náà mu, n óò dá gbogbo owó yín padà, n óò sì fi àga sílẹ̀.”

“Kò burú! Dọ̀tun, jókòó! Kí ayé rí àbùkù káfíńtà!”

Olúdọ̀tun rọra bọ́ síwájú, ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ bá ẹ̀yìn àga pàdé. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sórí ọrùn àkùkọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni a ti bí wọn. Ó mí kanlẹ̀, ó di ojú.

“Ó tó,” ni Bàbá wí. “Dìde.”

Kò dìde.

“Dọ̀tun! Báwo ni ó ṣe bá ọ mu? Ìwọ̀n kan náà ni wá. Ṣòkòtò mi lò ń wọ̀!”

“Mo máa ń ká a ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Kí lo wí?”

“Ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń ká a. Bàtà yín náà, bébà ni mo fi ń dí i níwájú.” Ojú rẹ̀ ṣì dì. “Lọ́jọ́ tí káfíńtà yìí wọ̀n mí, mo délé, n kò lè sùn. Kò tíì sí ẹni tó wọn èmi fúnra mi rí láyé.” Ó la ojú, ó yíjú sí Olúsànyà. “Èló lẹ pè é?”

“Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ni, sà.”

“Ó dáa. Mo gbà á.”

Ariwo ta nínú àgbàlá. Kàúsárà di ògiri mú.

“Dọ̀tun!” Bàbá ti gbàgbé ìbínú rẹ̀, ẹ̀rù ni ó ń bà á báyìí. “Ná an! A kì í ra ọjà láìná!”

“Mi ò ná an.”

“Ọ̀kẹ́ kan péré, yọ ọ́, nítorí orúkọ ìdílé wa!”

“Kí n yọ ọ̀kẹ́ kan, kí wọ́n wá yọ ẹsẹ̀ kan? Mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ná an ní Ìkẹ́nnẹ́. Gbogbo Rẹ́mọ ló ti gbọ́.”

“Dìde lórí àga mi!”

“Ẹ ní ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó.”

Owó obì rẹ̀ ni ó fi san án lójú gbogbo wọn, ó sì ní kí wọ́n gbé òun àti àga náà lọ sí ilé òun pa pọ̀. Wọ́n gbé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Kọ́lápọ̀ wà ní àtíbàbà kí Olúsànyà tó ṣí i. Kò yẹ omi wò. Àwọn ará àdúgbò ti gba Olúsànyà nímọ̀ràn lálẹ́ àná pé bàbá náà ti há, ọjọ́ kò sì pọ̀ mọ́, kí ó pe ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bàbá fúnra rẹ̀ ti dira fún un. Ó ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára jọ sẹ́nu.

“Èló ni ó di báyìí?” ni ó bèèrè, ó sì di ọwọ́ méjèèjì.

“Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ni, Bàbá. Ìdajì tí ẹ san ṣì wà nílẹ̀.”

Bàbá kò rí ẹni bá jà. “O ò fowó lé e?”

“Igi kò yí padà, ọjọ́ mẹ́rìnlá náà kò yí padà. Kí ni n óò tìtorí rẹ̀ fowó lé e?”

Èyí da ọkàn Bàbá rú ju gbogbo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Nítorí àṣà, ó ní, “Bó o bá wá yọ díẹ̀...” Olúsànyà na ọwọ́ sí àkísà.

“Fi àkísà yẹn sílẹ̀!” ni Bàbá pariwo. “Wá wọ̀n mí.”

Ó ní àwọn òfin tirẹ̀. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là lójú òun. Àárín oòrùn ni a ó ti wọ̀n òun, kì í ṣe nínú ibòji. Òun kò ní í dúró gbọnrangandan, òun kò sì ní í dákẹ́. Òun yóò máa jẹ nǹkan, òun yóò sì máa sọ̀rọ̀, kí ẹni tí ó bá ń wò láti ọ̀run lè rí i pé ẹni tí ń jẹun ni a ń wọ̀n. Kàúsárà ra ẹ̀pà fún un. Bí ọ̀pá bá kan orúnkún rẹ̀, yóò ju ẹ̀pà sẹ́nu, yóò sì kígbe pé, “Mo wà níbí o! Mo ń jẹun o!” Àwọn ọlọ́kadà tí ń kọjá lọ sí Ìlárá dúró wò ó. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n tán, ó ṣe sùúrù kí a dà àmì rẹ̀ kọ sára pákó, lẹ́yìn náà ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ Olúsànyà, ó sì gbé e lọ sílé. Ó ní òun kò ní í fi ìwọ̀n òun sílẹ̀ nílé ẹni tí ń kan pósí.

Olúsànyà kan àga kejì parí ní ọjọ́ kẹrìnlá. Bàbá Kọ́lápọ̀ jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí ó jẹ Bàbá Ìjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó ṣì wà láàyè. Ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Olúdọ̀tun gbé àga tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó níbẹ̀. Ó sì ti rán ṣòkòtò méjì tí kò nílò kíká. Fàtáì kò tètè rí ẹlòmíràn, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ilé epo náà lálẹ́ fún oṣù kan kí ó tó rí Mọ́ṣúdù, ẹni tí kẹ́ẹ̀pù dúdú náà bá orí rẹ̀ mu. Kàúsárà ṣì ń lọ ata. Olúsànyà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, lórí bẹ́ńṣì bàbá rẹ̀. Ìjọ Òde Rẹ́mọ tún wá bẹ̀ ẹ́ fún bẹ́ńṣì mẹ́rin. Ó ya wọ́n sára pákó fún wọn, ó sì gbé àkísà sí ìtòsí.